Háàpù Ara Ìgò Ọdẹ́kú

Àwọn tó ń bi mí lórí WhatsApp pé ṣé mo ṣì wà láyé, mo wà o. Ìdánwò àti òjò ìlú Galway ni wọn ò jẹ́ kí n rójú kọ nǹkan kan. Òjò ibí kì í ṣú kó tó rọ̀. Ó kàn máa ń wà níbẹ̀ ni, bí àlejò tó wá kí ni tí kò sọ ọjọ́ tí yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ orin ni mo bá wá lónìí. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní ọdún kìíní kí n tó kọjá síbí mọ̀ pé ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, nítorí ẹ̀yin náà lẹ máa ń lu tábìlì ní kíláàsì, tí ẹ ó ní kí n wá túmọ̀ ohun tó sọ. Bàbá mi ń lu ìyáàlù. Bàbá wọn náà lù ú. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tẹ̀lé wọn lọ òde àríyá, èmi ni mo máa ń ṣa owó nílẹ̀ nígbà tí àwọn olóde bá ń náwó fún wọn. Níbi tí mo ti ń rákò lábẹ́ tábìlì wá náírà kiri ni mo ti kọ́kọ́ rí háàpù. Ara ìgò Ọdẹ́kú ló wà. Mo rò pé apá ẹyẹ ni. Nígbà tí à ń padà sílé nínú ọkọ̀, mo bi bàbá mi. Wọ́n gba ìgò náà, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní: “Ohun èlò orin ni. Irú èyí tí Dáfídì ń ta fún Sọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n wọn ò ya ẹni tó ń ta á sí i.”

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ti ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Ireland, orílẹ̀-èdè tí ọtí yẹn ti ṣẹ̀ wá. Háàpù ò sí lára ọtí nìkan o. Ẹyọ owó yúrò tí wọ́n fi fún mi ní ṣéńjì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo yí i padà, háàpù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìrìnnà wọn, háàpù. Lẹ́tà tí ìjọba kọ sí mi nípa ìwé ìgbélùú mi, háàpù ló wà lókè. Ilé iṣẹ́ Guinness ló sì ṣáájú ìjọba débẹ̀. Ọdún 1876 ni wọ́n ti forúkọ háàpù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà wọn; Ireland ò tíì dá dúró lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1922. Títí dòní, háàpù ti ìjọba kọjú síbì kan, ti ọlọ́tí kọjú síbì kejì, bí orogún méjì tó ń gbé ilé kan náà.

Ta wá ni àwọn tó ń ta á, tí wọn ò yà sí i? Ní ọdún 1792, wọ́n pe gbogbo àwọn tó ṣì ń ta háàpù lọ́nà àtijọ́ jọ sí ìlú Belfast. Ọmọ Ireland mẹ́wàá péré ló jáde. Ọ̀pọ̀ ti darúgbó, àwọn kan fọ́jú. Èyí tó dàgbà jù, Denis Hempson, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun nìkan ló sì ń fi èékánná ta okùn onírin rẹ̀ bí àwọn ará ìṣáájú ti ń ṣe. Wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Bunting sídìí wọn pé kó máa kọ orin wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó kú tán. Ohun tó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀: àwọn ìdílé ọlọ́lá tó ń bọ́ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó lókìkí jù nínú wọn, Turlough O'Carolan, tó kú ní ọdún 1738, afọ́jú ni. Orí ẹṣin ló ń wà láti ilé olówó kan dé òmíràn, tó bá sì débẹ̀, á ṣe orin tuntun, á fi orúkọ onílé pe orin náà. Nígbà tí mo ka èyí, èmi nìkan bú sẹ́rìn-ín ní láíbúrárì. Onílù ni bàbá yìí! Ohun tí bàbá bàbá mi ń ṣe kiri àgbàlá àwọn ìjòyè nìyẹn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olórin ibí pé owó ti ba orin wọn jẹ́, mi ò gbà. Ọmọ Àyàn kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má rẹ́rìn-ín sínú. Owó ni wọ́n fi san owó ilé ẹ̀kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Mo ń kó ife nílé ọtí kan láàárín ìgboro ní alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní igun kan níbẹ̀, tábìlì kan wà tí a kì í jẹ́ kí oníbàárà jókòó sí tó bá ti di aago mẹ́sàn-án. Àwọn olórin ló ni ín. Seisiún ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní èdè wọn. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í kọjú sí èrò. Ara wọn ni wọ́n kọjú sí, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ẹ. Kò sí ìwé níwájú ẹnikẹ́ni, kò sí makirofóònù. Ẹnì kan á kàn bẹ̀rẹ̀ orin ijó kan, jig tàbí reel, àwọn tó bá mọ̀ ọ́n á wọlé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbé ohun èlò rẹ̀ lé itan, á máa gbọ́. Wọ́n á lù ú yí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ẹni tó bẹ̀rẹ̀ á mi orí, wọ́n á já bọ́ sínú òmíràn láìdúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìmirí yẹn, ẹni tó bá sì ń wo fóònù kò ní í rí i.

Fayolíìnì ló pọ̀ jù lórí tábìlì, àbúrò gòjé. Fèrè onígi wà, fèrè onípáànù wà, àti fèrè alápò kan tó jẹ́ pé ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, èyí tí mo wò títí ọrùn fi ń dùn mí. Bodhrán ni èmi gbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá: awọ ewúrẹ́ lórí igi róbótó, ká kúkú pè é ní sákárà tó rin ìrìn àjò. Oṣù kejì tí mo débẹ̀ ni wọ́n ní kí n gbé e wò. Àwọn onífayolíìnì kì í fẹ́ràn ẹni tó ń lu bodhrán, àwàdà àtijọ́ kan wà láàárín wọn pé ọ̀bẹ ló dára jù láti fi lù ú. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà níbẹ̀ tó sọ pé èmi, ó kéré tán, mo mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́.

Bàbá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ẹkùn Clare ni wọ́n ti bí i, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún kọ́lé ní London kó tó padà wá. Gbogbo ènìyàn ibí, àtọmọdé, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni wọ́n fi ń pè é. Ẹnu mi ò lè gbé e. Mo ń pè é ní “Bàbá”. Ó bi mí pé kí nìyẹn, ṣé igbe àgùntàn ni, mo sì ṣàlàyé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo tábìlì ló ń pè é bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Ó di alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje. Galway kún fọ́fọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe fàájì nítorí pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gbéyàwó wọlé, gbogbo wọn wọ fìlà aláwọ̀ ewé kan náà. Bàbá ń ta orin jẹ́jẹ́ kan lọ́wọ́, irú èyí tí wọn kì í jó, tí òun nìkan ń dá ta. Ọ̀kan nínú wọn tọ̀ ọ́ wá, ó fi ogún yúrò lé orí okùn fayolíìnì rẹ̀ bó ṣe ń ta á lọ́wọ́, ó ní: “Galway Girl.”

Ẹ wò ó, inú èmi dùn! Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa rí òyìnbó tó mọ owó ná fún olórin. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo máa ṣa tó kù sí. Ṣùgbọ́n Bàbá dá ọwọ́ dúró. Ó mú owó náà pẹ̀lú ìka méjì bí ẹni mú aáyán, ó gbé e sórí tábìlì, ó di fayolíìnì rẹ̀ sínú àpótí, ó sì jáde lọ sínú òjò.

Mo ronú sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ló dé tí ohun tó jẹ́ ọlá fún bàbá mi fi jẹ́ ìwọ̀sí fún un? Nígbà tó yá ni mo rí i. Nílé wa, onílù ló máa kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ, yóò pe ti bàbá rẹ, yóò dé ìdílé ìyá rẹ, ara rẹ á yá, ìwọ á wá fi owó lé e níwájú orí. Owó yẹn ń sọ fún un pé: máa bá a lọ. Owó ti ọmọkùnrin onífìlà yẹn ń sọ pé: dá a dúró. Owó kan náà ni, háàpù kan náà ló wà lẹ́yìn ṣéńjì rẹ̀.

(Ẹ má jẹ́ ká máa fi ilé wa yangàn jù o. Ẹ̀yin náà ti wà lóde tí onílù ti fi ọ̀rọ̀ ìyá olóògbé sílẹ̀ láàárín kan nítorí pé ẹni tó ń ná dọ́là ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo ti rí i. Bàbá mi ti ṣe é. Wọn ò fẹ́ràn kí n máa rán wọn létí.)

Orin tí ọmọkùnrin náà béèrè gan-an ni ká wò. “Galway Girl” méjì ló wà. Steve Earle, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ èkíní, ó sì jáde ní ọdún 2000. Ed Sheeran, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdílé bàbá rẹ̀ wá láti Ireland, ló gbé èkejì jáde ní 2017. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí àwọn orin yòókù tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń béèrè ní tábìlì wa. “Danny Boy”: agbẹjọ́rò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frederic Weatherly, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn orin rẹ̀ nìkan ló ti Ireland wá. “Dirty Old Town”: Salford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú ẹlẹ́gbin tí Ewan MacColl ń wí. “When Irish Eyes Are Smiling”: àwọn tó ń ṣe orin tíátà ní New York ló gbé e jáde ní 1912. “The Fields of Athenry”, tó ń sọ̀rọ̀ ìyàn ńlá ìgbà 1840, tí àwọn ènìyàn ń fi omijé kọ bí ẹni pé láti inú ìyàn náà ló ti wá, Pete St. John ló kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1970. Mo fẹ́ràn ìyẹn o, mo máa ń gbè é. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé èrò ń san owó kí Ireland lè kọ orin tí wọ́n ti mọ̀ nílé wọn fún wọn.

Nígbà tí Bàbá padà wá lọ́sẹ̀ kejì, mo sin ín dé ibùdókọ̀. Ó ń bínú síbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, inú ìdáná ni orin wà, kò sẹ́ni tó ń tà á. Mo tẹ́tí sí i dáadáa, nítorí àgbà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò tọ́ gbọọrọ bẹ́ẹ̀.

Òfin ilé ijó ti ọdún 1935 ló kọ́kọ́ lé orin jáde nínú ìdáná. Ìjọba ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ijó ìta gbangba gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ọlọ́pàá àti àlùfáà sì fi òfin náà tú ijó inú ilé ká, títí tó fi di pé gbọ̀ngàn ìjọ, níbi tí wọ́n ti ń sanwó wọlé, ni wọ́n ń jó sí. Seisiún inú ilé ọtí, tí èmi rò pé ó ti wà láti ayébáyé, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ló gbilẹ̀, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ bíi Bàbá yìí fúnra rẹ̀ ní London. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń háyà, wọn ò ní ìdáná tí wọ́n lè kó ojúlùmọ̀ jọ sí. Ilé ọtí Camden Town ló di ìdáná wọn.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Francis O'Neill, ọmọ ẹkùn Cork, di ọ̀gá pátápátá fún ọlọ́pàá Chicago ní 1901. Ó ń fi gbígbọ́ kó orin jọ lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀ tó ṣí wá sí ìlú náà. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1903 ní orin 1,850 nínú. Títí di ìsinsìnyí, tí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ ní tábìlì wa lórí orin kan, iṣẹ́ ọlọ́pàá Chicago yẹn ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Michael Coleman ti ẹkùn Sligo kọjá sí New York ní 1914, ó sì gbé àwo orin fayolíìnì jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wá ọjà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Ireland tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n fi àwo náà ránṣẹ́ sílé. Ó gbé orin náà ró, ó sì tún ṣe é ní ibi kan: àwọn ọmọdé ní ẹkùn tí ọ̀nà ìtafayolíìnì wọn yàtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíi Coleman, torí pé òun ló wà nínú ẹ̀rọ. Ọjà kan náà, oore kan, ìpalára kan. Mi ò mọ bí wọ́n á ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ẹ̀wù onírun àgùntàn funfun yẹn, èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo òpópónà Galway. Ẹ wo àwòrán Clancy Brothers àti Tommy Makem. Méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n, Paddy àti Tom, nítorí eré tíátà ni wọ́n ṣe wà ní New York, kì í ṣe orin. Òtútù ń mú wọn, ìyá wọn bá fi ẹ̀wù Aran ránṣẹ́ láti Tipperary. Alábòójútó wọn rí i, ó ní ohun tí òun ti ń wá nìyẹn, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ kọrin. Nínú oṣù Kẹta ọdún 1961, wọ́n jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Ed Sullivan, Amẹ́ríkà sì gbà pé bí olórin Ireland ṣe ń múra nìyẹn. Ìfẹ́ ìyá sí ọmọ ló di yúnífọ́ọ̀mù.

Riverdance náà ńkọ́? Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹrin ọdún 1994, Dublin gbàlejò ìdíje orin Eurovision. Wọ́n ní kí wọ́n fi nǹkan dí àkókò tí wọ́n ń ka ìbò. Bill Whelan ti Limerick ṣe orin nǹkan bí ìṣẹ́jú méje, Michael Flatley àti Jean Butler sì ṣíwájú àwọn oníjó. Chicago ni wọ́n ti bí Flatley, New York ni wọ́n ti bí Butler. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 1995, ó ti di eré odindi tí wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì sọ fún mi pé ìtìjú ni ijó yẹn jẹ́ fún ìyá òun ní ilé ẹ̀kọ́: kí ènìyàn na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí igi, kó máa gbàdúrà kí àwọn ọmọkùnrin má rí òun. Lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ kan yẹn, ó di ohun àmúyangàn. Ta ló máa sọ fún ìyá náà pé ọjà ba àṣà rẹ̀ jẹ́? Síbẹ̀, ní 1996, àwọn olórin àti ọ̀mọ̀wé pàdé ní Dublin láti jiyàn lórí ibi tí orin wọn ń lọ, ara àwọn tó sì ti ń ta ko ìrìn náà ní gbangba ni Tony MacMahon, ọmọ Clare tó ń tẹ àkọ́díọ̀nù. Ọmọ Clare ni Bàbá náà. Kò yà mí lẹ́nu.

Clare kan náà ni Doolin wà, abúlé etíkun tí Micho Russell, àgbẹ̀ tó ń fọn fèrè onípáànù, sọ di olókìkí pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn àjèjì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbọ́ orin tí wọn ò fi tajà. Àwọn ilé ọtí wá rí i pé àlejò á bínú tó bá débẹ̀ tí kò bá orin, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún olórin méjì mẹ́ta kí ó lè dájú pé orin á wà lálaalẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí: méjì ló ń gbowó ní tábìlì wa, àwọn yòókù ọtí ni wọ́n ń mu. Bàbá wà lára àwọn méjì tó ń gbowó. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, mo wò ó títí. Ó ní: “Mo ń gbowó láti jókòó síbí. Mi ò gbowó lórí ohun tí mo máa ta.” Gbogbo ìwé tí mo ti kà, kò sí èyí tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá kàn mí. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ọ̀gá wa pè mí sẹ́yìn báà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, òun ló yá mi lówó nígbà tí wọ́n fi kún owó ilé mi. Ó ti gbọ́ pé mo ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kì í tà, ó sì fẹ́ dá nǹkan tuntun sílẹ̀: orin Ireland àti ti Áfíríkà, lórí pèpéle, èmi pẹ̀lú “àwọn aṣọ ńlá yẹn”, kí wọ́n lè yà mí fún Instagram. Ọgọ́rin yúrò ní alẹ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé níbí, ẹ má tíì ṣe ìdájọ́. Owó yàrá ní Galway lè mú kí ènìyàn wọ aṣọ egúngún lọ sọ́jà.

Gángan mi wà lábẹ́ ibùsùn láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo pe bàbá mi lórí fóònù.

Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n ṣírò rẹ̀ sí náírà. Mo ṣírò rẹ̀. Wọ́n súfèé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: “Ta lo máa kì níbẹ̀?”

Mo ní mi ò mọ ẹnikẹ́ni, àlejò ni gbogbo wọn.

“Ṣé ẹnì kan wà tó máa gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ?”

“Rárá, sà.”

“Nígbà náà, kí lo fẹ́ kó máa sọ fún odidi alẹ́ kan?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní àwọn náà ti lùlù fún olóṣèlú tí àwọn kò fẹ́ràn rárá, àwọn sì gbowó rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mọ orúkọ bàbá rẹ̀ kí àwọn tó kúrò nílé. “Ìwọ wádìí orúkọ kan, ó kéré tán. Kí o sì wọ ẹ̀wù òtútù o, mo gbọ́ pé ìlú yẹn tutù.”

Mo padà tọ ọ̀gá wa lọ. Mo ní màá lù ú, ṣùgbọ́n ní tábìlì ni, láàárín àwọn yòókù, pẹ̀lú aṣọ tí mo bá wọ̀ wá síbi iṣẹ́, kó má sì kọ “Áfíríkà” sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ogójì ni. Mo gba ogójì. Mi ò ní í parọ́ fún yín, ogójì tó lọ yẹn dùn mí wọra, mo ṣì ń ronú nípa rẹ̀ tí mo bá ń ra oúnjẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Tallaght, ní Dublin, wá kí mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní fèrè onípáànù, ó sì mọ jig mẹ́fà. Ó ti fọn ọ̀kan fún ìyá ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lórí WhatsApp rí, màmá ní kí wọ́n bá òun kí tíṣà rẹ̀. Mo bi í pé orin ta ni. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. Ó ní: “Tèmi ni. Mo mọ̀ ọ́n.”

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ dé. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo bi Bàbá léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ àti abúlé tí wọ́n ti bí i. Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: àgbẹ̀ ni, màlúù mẹ́rin ló ní, ó ń fọn fèrè, inú ẹrọ̀fọ̀ ni ọ̀nà ilé wọn wà. Mo gbé gángan há abíyá, mo sì lu u jẹ́jẹ́ lábẹ́ reel tó ń ta: orúkọ ọkùnrin náà bí ohùn ṣe lè gbé e, ọmọ olóko, ọmọ afọnfèrè, ọmọ ẹni tó fi ẹsẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ wọlé ayọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta. Kò mi orí. Ó jẹ́ kí orin náà tán.

Ó ní: “Kí ló ń sọ?”

Mo sọ fún un. Ó gbé fayolíìnì sí itan, ó yí etí okùn kan tí kò nílò yíyí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tún un lù, díẹ̀díẹ̀, kí òun lè wá orin tó máa bá a lọ.

Láti ẹ̀gbẹ́ báà, ẹnì kan pariwo pé “Galway Girl!” Bàbá ò bojú wẹ̀yìn. Ó ní ó ń bọ̀, lẹ́yìn èyí.